Nọ́ọ̀sì ń bi mí nípa ikú tó pa bàbá mi: kí ló kàn án?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìsánlú. Ó lóyún oṣù márùn-ún, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò rẹ̀. Ó rò pé wọ́n á wọn ìfúnpá òun, wọ́n á fún òun ní oògùn, òun á sì máa lọ. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe mú bíírò tó ń bi í nípa ikú tó pa bàbá rẹ̀, ọjọ́ orí tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi kú, àti bóyá ojú àkọ́bí rẹ̀ pọ́n nígbà tó bí i. Gbogbo rẹ̀ ló wà. Ẹni ọdún 49 ni bàbá rẹ̀ nígbà tó ṣubú lóko, apá àti ẹsẹ̀ kan rọ, ó sì kú lọ́jọ́ kẹta. Jẹjẹrẹ ọyàn pa àbúrò ìyá rẹ̀ lẹ́ni ọdún 38. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin lo ọjọ́ mẹ́rin ní Ìlọrin lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n ní G6PD rẹ̀, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ AA, ọkọ rẹ̀ jẹ́ AS. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá kìlọ̀ fún un pé kó má máa to àrùn ilé jọ fún nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ìlú kan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ní kó tu itọ́ sínú ike kan, òun á sanwó, kí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀. Ó fẹ́ mọ èyí tí òun máa ṣe, àti ohun tí ọ̀rọ̀ àrùn ìran ń wá ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí iṣẹ́ wọn ò ju ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìgbẹ̀bí lọ.

Okun o, arábìnrin mi. Ẹ dá nọ́ọ̀sì yẹn lóhùn. Ẹ fi ti ike itọ́ sílẹ̀ ná.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ni àyẹ̀wò ìran tó wúlò jù nínú gbogbo èyí tí a lè ṣe ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń wo jíìnì, ìyẹn àmì ìran tí òbí ń fún ọmọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fura pé ohun kan wà tó yẹ kí a wá. Ẹni tó sì wà nípò láti fura ni ẹni tó kọ́kọ́ rí yín, ìyẹn nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní Ìsánlú, Mopa, Egbe, Iyara tàbí Kabba. Bí òun ò bá bèèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn tó wà ní Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja ò ní rí yín títí àrùn á fi jinlẹ̀.

Bíbèèrè náà gba ọgbọ́n. Bí mo bá bi èèyàn pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé wọn, kíá ló máa dáhùn pé rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, nítorí náà mo máa ń bèèrè èèyàn, n kì í bèèrè àrùn. Bàbá yín ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ní wọn? Wọ́n ti kú. Ṣé wọ́n ti dàgbà? Wọn ò tíì dàgbà, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ni wọ́n bí àbígbẹ̀yìn wọn, kò sì tíì wọ ilé ìwé nígbà tí wọ́n kú. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Wọ́n ń ti oko iṣu bọ̀ ni, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ayé ló ṣe wọ́n. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ńkọ́? Ọ̀kan wú lójú wú lẹ́sẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ kó tó kú. Ẹni tó sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru nílé àwọn ti ka méjì fún mi báyìí: ẹni àkọ́kọ́, rọpárọsẹ̀; ẹnì kejì, ó jọ pé kíndìnrín ni, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè wà nídìí méjèèjì. N kì í bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ayé. Ọjọ́ orí ni mo máa ń kọ sílẹ̀, nítorí òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá ní rọpárọsẹ̀ lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún mi nípa ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ní in lẹ́ni ọdún 49 sọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ lórí ìkìlọ̀ ìyá ọkọ yín, torí mo mọ ibi tí ẹ̀rù wọn ti wá. Kí ìdílé méjì tó fẹ́ra ní ilẹ̀ wa, wọ́n á rán èèyàn lọ wádìí: ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí nílé wọn, ṣé wárápá ò sí, ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé ikọ́ fée kì í ṣe wọ́n? Àwọn àgbà wa mọ̀ pé àrùn lè máa tẹ̀ lé ìran, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, kòkòrò ló ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ fée, oògùn sì ń wo méjèèjì sàn; láti 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pín oògùn ẹ̀tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń ran ará ilé nítorí pé wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń mí, kì í ṣe nítorí pé baba kan ló bí wọn. Nítorí ìwádìí yẹn, ilé gbogbo kọ́ bí a ṣe ń bo àrùn mọ́lẹ̀ kí ọmọbìnrin wọn lè rọ́kọ fẹ́, a ò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀dọ̀. Ẹ máa gbọ́ pé ọmọ ìyá mẹ́ta kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn wọn wú, ojú wọn pọ́n, ara wọn rù, kò sí èyí tó pé àádọ́ta ọdún. Gbogbo àdúgbò á ní èpè ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò hẹpatáítìsì B ni, tí ìyá kó ran ọmọ lọ́jọ́ tó bí i, tó sì fara pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Inú ìdílé ló ti ń rìn, kì í ṣe inú jíìnì. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára àwọn tí ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an ló sì yẹ kó gba àkọ́kọ́. Bí ìdílé bá ń bo irú ikú bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ààbò tó wà nínú fíríìjì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà du ọmọ tuntun. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó yẹ hẹpatáítìsì B wò fún ẹ̀yin náà nínú oyún yìí.

Níti pé nọ́ọ̀sì jẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ ní kó ti ilẹ̀kùn, kó má sì ṣe bi yín níwájú àwọn tó wà lórí ìlà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 dè é pé ohun tí aláìsàn bá sọ kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé aláìsàn fọwọ́ sí i, àfi níbi díẹ̀ tí òfin náà fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú yín ló kán jù. Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni G6PD wà, ó ń dáàbò bò ó kó má fọ́. Orí X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé jíìnì nínú ara, ni jíìnì rẹ̀ wà. Obìnrin ní X méjì; ọkùnrin ní ẹyọ kan, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á, torí Y ni bàbá fún un. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ yín ni ọmọkùnrin yín ti gba tirẹ̀, láìjẹ́ pé ó ṣe yín ní nǹkan kan rí, torí X yín kejì dára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èyí di ẹ̀sùn. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní in, ìdí tó sì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ó ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó ń pani. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó fi èyí hàn ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Bí ẹni tó wà nínú yín bá jẹ́ ọkùnrin, ìdajì-ìdajì ni: ó lè gba X tó dára, ó lè gba èkejì. Bó bá jẹ́ obìnrin, tí ọkọ yín kò sì ní in, ó ṣeé ṣe kó gbé e bí ẹ ṣe gbé e, wàhálà rẹ̀ sì sábà máa ń fúyẹ́. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ò nílò àyẹ̀wò DNA kankan kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wá nìyẹn nígbà tó bi yín bóyá ojú àkọ́bí yín pọ́n.

Kí ẹ tó bímọ, ẹ lọ tú àpótí aṣọ ọmọ àkọ́kọ́ yẹn. Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é: aṣọ ìsọmọlórúkọ, fìlà, ṣáálì, gbogbo rẹ̀ a ó fọ̀ ọ́, a ó ká a, a ó sì ju káńfọ̀ funfun mẹ́rin-márùn-ún sí i láàárín kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí ọmọ mìíràn bá dé, a ó mú un jáde, òórùn káńfọ̀ á gba yàrá kan, a ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ ọjọ́ méjì. Òórùn yẹn nìkan tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ojú rẹ̀ á pọ́n kankan láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú pípọ́n náà sì lè dé ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí ẹni tí kò ní lè jókòó títí ayé rẹ̀. Ẹ kó káńfọ̀ dànù nílé. Ẹ tún aṣọ náà fọ̀, ẹ sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ á fi lọ pátápátá. Ẹ sì sọ fún ìyá àgbà tó máa wá wẹ ọmọ kó má ṣe gbé tirẹ̀ wá nínú báàgì.

Ẹ bímọ sí ibi tí iná aláwọ̀ búlúù wà tàbí tí kò jìnnà sí i. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ máa gbé ọmọ wá sí ojú fèrèsé lójúmọmọ, ẹ fi ìka tẹ orí imú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo àwọ̀ tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo ẹran eyín rẹ̀ àti funfun ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Bí kò bá mu ọmú dáadáa mọ́, tàbí tó ń na ẹ̀yìn gan-an, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́. Oòrùn àárọ̀ kò wò ó, omi glúkóòsì kò wò ó, ampiclox tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu kò ní nǹkan kan án ṣe níbẹ̀, àgbo sì léwu fún un. Àkókò tó ń ṣòfò lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń bà á jẹ́.

Fún àkọ́bí yín, kí káàdì rẹ̀ ní G6PD lára ní lẹ́tà gàdàgbà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fún un lóògùn gbọ́dọ̀ rí i, torí primaquine, dapsone àti nitrofurantoin lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn ibà tí a ń pè ní ACT kò sí lára wọn. Ẹ̀wà tí a ń jẹ kò sì sí lára wọn. Ẹ̀wà fava ti àwọn ará etíkun Mẹditaréníà ni ìwé ń bá wí. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi mọ́ínmọ́ín àti àkàrà dù fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àṣìṣe yìí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń dàgbà nílò ẹ̀wà gidigidi.

Ó kan àbúrò ìyá yín. Jẹjẹrẹ ọyàn pọ̀ láyé, èyí tó ń bá ìran wá kò sì ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, àmọ́ èyí tó bá mú obìnrin ṣáájú àádọ́ta ọdún ló yẹ kí a fura sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Chicago, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn, yẹ obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò. Èsì tó jáde ní 2018 fi hàn pé nǹkan bíi 11 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jogún àbùkù nínú jíìnì BRCA1 tàbí BRCA2. Iye yẹn kì í ṣe kékeré. Ọkùnrin náà máa ń gbé e, ó sì lè fún ọmọ rẹ̀ obìnrin láìjẹ́ pé ó hàn lára tirẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè nílé bàbá yín náà. Ẹ bi ìyá yín ní jẹ́jẹ́, nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì: ṣé obìnrin mìíràn wà tí ọyàn dá egbò sí lára, ṣé ẹnì kan wà tí ikùn rẹ̀ wú tí wọ́n sọ pé ilé ẹyin ni, ṣé ọkùnrin kan wà tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ tí egungun ẹ̀yìn ń dùn kó tó kú? Bí ẹ bá tún rí ẹnì kan sí i, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìyá yín ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò níbẹ̀, torí òun ló sún mọ́ olóògbé jù. Bí òun ò bá jogún rẹ̀, ẹ̀yin náà ò lè jogún rẹ̀ láti ọ̀nà yẹn.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì: bí kókó kan bá yọ lọ́yàn yín nínú oyún tàbí nígbà tí ẹ bá ń tọ́mọ, tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ pé omi ọmú ló dì dá yín padà láìwò ó.

Ti bàbá yín kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní jíìnì kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ara wọn, iyọ̀ àti kúùbù ọbẹ̀ sì ń ran wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n wọn ìfúnpá yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, kí wọ́n sì tẹ bébà bọ ìtọ̀ yín láti wo purotéènì. Jíìnì kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ APOL1, tí wọ́n rídìí rẹ̀ ní 2010: oríṣi rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba méjì, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́. Bébà ìtọ̀ olówó pọ́ọ́kú ló máa kọ́kọ́ fi hàn, ọdún púpọ̀ kí ara tó wú. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá ẹni tó bá fojú di bébà ìtọ̀ jà.

AA àti AS kò lè bí SS. Kí ẹ ṣáà rí i dájú pé AA yín jẹ́ AA. Bí ẹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè wà nínú èsì yẹn. Bó bá sì jẹ́ àyẹ̀wò kíákíá tó kàn ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tẹ̀, kò lè fi AC hàn, bẹ́ẹ̀ C wà láàárín Yorùbá dáadáa, AC àti AS sì lè bí SC, tí í ṣe fòní-kú-fọ̀la-dìde náà. Ẹ tún un ṣe níbòmíràn. Àwọn àbúrò ọkọ yín tí wọn ò tíì gbéyàwó ni kí ẹ sọ fún pé kí wọ́n lọ mọ tiwọn báyìí, kó má di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá sì ti bí èyí tó jẹ́ SS, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta: pẹnisílíìnì ojoojúmọ́ àti oògùn tó ń dènà ibà máa ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ikú ọmọdé. Ìwòsàn tó ń ṣe àtúnṣe sí jíìnì mìíràn kí ara aláìsàn lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń ní, Casgevy, gba àṣẹ ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ní 2023, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan. Pẹnisílíìnì wà ní Kabba lónìí.

Ike itọ́ ló wá kù. Èyí tí okìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, 23andMe, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbà á láyè ní 2018 láti máa sọ ti BRCA fún àwọn tó ra ike rẹ̀, àbùkù mẹ́ta péré ló ń wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Júù tí ìran wọn ti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù wá. Àwọn àbùkù tí wọ́n rí lára obìnrin Nàìjíríà yàtọ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, kí ẹ sì fọkàn balẹ̀ lórí irọ́. Ní 2025 ilé iṣẹ́ náà wọ kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń bèèrè ọwọ́ ta ni DNA àwọn máa bọ́ sí. Àyẹ̀wò jíìnì tó péye wà, a sì ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n dókítà tó ti gbọ́ ìtàn ìdílé yín ló yẹ kó béèrè fún un, kó sì jókòó tì yín tí èsì bá dé.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ẹ ní kó fi owó náà ra ẹ̀rọ ìwọnfúnpá kan fún ìyá yín, kó fi ìyókù san ti ilé ìwòsàn tí ẹ máa bímọ sí. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ìyá yín sínú ìwé kan, orúkọ, àrùn, ọjọ́ orí, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó fi han dókítà tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Òun náà ni ọmọ bàbá yín. Ẹ bi í ìgbà tí wọ́n wọn ìfúnpá tirẹ̀ gbẹ̀yìn.